Ọjọ́ tí Wofa Agoo Dé Ẹnu Ọ̀nà Mi ní Santasi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n sọ ohun tójú mi rí nínú ilé mi ní Santasi, ní Kumasi yìí. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan géètì wa, àyà mi á máa lù kì-kì-kì!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kumasi, ẹ mọ Wofa Agoo. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún. Wofa Agoo ni òṣìkà inú fíìmù kan tí wọ́n ṣe níbí ní èdè Twi. "Wofa" ni wọ́n máa ń pe arákùnrin ìyá ẹni. "Agoo" sì ni ará ibí máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé onílé, bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé "Àgò o!" Àwa á dáhùn pé "Àgò yà!" Àwọn á dáhùn pé "Amee!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ilẹ̀ ló jìn síra.

Nínú fíìmù yẹn, Wofa Agoo jẹ́ baba gíga kan tó máa ń gbé agboòrùn dúdú kiri. Ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Kò lè wọlé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Agoo." Bí o bá ṣe àṣìṣe pẹ́nrẹ́n, tó o ní "Amee," ó parí nìyẹn! Ó ti wọlé! Bó bá sì máa jáde, ẹnìkan nínú ilé yẹn ni yóò gbé pọ̀n sẹ́yìn bí abiyamọ ṣe ń pọn ọmọ, á fi aṣọ funfun bò ó, á máa bá òjò lọ.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ó mọ orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ, òun ló sì máa fi pè ẹ́. Ní Kumasi, ta ni orúkọ ọjọ́ rẹ̀ pamọ́? Èmi tí wọ́n bí ní ọjọ́ Jímọ̀, Afia ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sàlámátù ni bàbá mi sọ mí. Bó bá pè ẹ́ tó ò dáhùn, á gbé ohùn ẹni tó o fẹ́ràn sọ̀rọ̀. Á ní òun ni ìyá rẹ, òun ni ọkọ rẹ, ara òun ò yá, kó o dákun ṣílẹ̀kùn.

Maame Serwaa tá a jọ ń gbé kọ́ńpáùndì ló fi hàn mí nínú yàrá rẹ̀. Ó ní kí n má bẹ̀rù, fíìmù lásán ni. Ilẹ̀ mọ́ tán, mo bá a nídìí géètì tó ń fi òróró ìyàsímímọ́ kun irin! Fíìmù lásán kẹ̀?

Kí ẹ tó mọ̀, gbogbo ìlú ti yí padà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣeré Wofa Agoo, ẹni tó bá dáhùn ni wọ́n á gbé pọ̀n. Àwọn mate, ìyẹn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ trotro, ń fi ohùn rẹ̀ pe èrò. Pásítọ̀ wàásù lé e lórí, lèmọ́mù wa náà sì ṣe wáàsí pé kí Mùsùlùmí máa fi sàlámà wọlé bó ṣe yẹ. Chop bar kan wà ní Ayigya tó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí oníbàárà má kí àwọn ní agoo, kó ṣáà wọlé wá jẹun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró síbẹ̀ ya fọ́tò.

Èmi náà ṣòfin nínú ilé tèmi. Mo sọ fún Faríídà ọmọ mi pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ agoo, kó má dáhùn, kó sá wá bá mi. Kì í ṣe "Amee" nìkan o, mo fi òfin de "Àgò yà" náà. Ṣé a mọ̀ bóyá Wofa gbọ́ Yorùbá?

Bàbá mi nìkan ni kò gbà. Bàbá tí mò ń wí yìí, àgádágodo ni ó ń tà ní ọjà Race Course kó tó di pé ara ò gbà mọ́ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ọ́, òun kò gbọ́ Twi kankan. Òjò ká òun mọ́ òde, òun dúró lẹ́nu ọ̀nà kan, òun sì sọ ohun tí wọ́n kọ́ òun nílé: "Àgò o!" Ni ẹnìkan bá dáhùn láti inú ilé pé "Amee!" Wọ́n fún òun lóúnjẹ, wọ́n sì fún òun ní ẹní. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ló gba òun sí ìlú yìí, òun ò ní tìtorí ògbólógbòó kan inú tẹlifíṣọ̀n kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi gbogbo ohùn ké pé "Àgò o ará ilé!" Inú á bí mi. Màá ṣílẹ̀kùn fún un láìfọhùn, òun náà á sì bojú jẹ́ wọlé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọjọ́ náà gan-an.

Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Ó ti lo oògùn rẹ̀, mo sì gbé oúnjẹ fún un, àmọ́ ó ní òun á jẹ ẹ́ bí òun bá ti ìrun Àlàásárì dé. Mo ní kó jẹ díẹ̀ kó tó lọ. Ó ní ṣé èmi ni mo bí òun ni? Ó wọ jàlàbíyà funfun rẹ̀, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tó lọ tí òjò fi ṣú. Òjò Kumasi, ẹ mọ̀ ọ́n! Ojú ọjọ́ dúdú bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò wá lórí, afẹ́fẹ́ ń gbá páànù òrùlé, iná sì lọ. Maame Serwaa ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá ku èmi àti Faríídà nínú kọ́ńpáùndì. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sínú pálọ̀, a sì jókòó.

Ìrun á ti parí tipẹ́tipẹ́. Bàbá ò dé. Mo pe fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ tó ń dún nínú yàrá rẹ̀. Ó ti gbàgbé ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì! Ìgbà yẹn ni ìpayà bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Àgbàlagbà tí kò jẹun, nínú òjò báyìí? Mo ń fi ìborí mi bo orí kí n jáde lọ wò ó, ni mo gbọ́ pé géètì dún.

Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ nínú kọ́ńpáùndì. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì wúwo. Ó dé ẹnu ọ̀nà wa, ó dúró.

"Agoo."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohùn yẹn gan-an ni! Kì í ṣe ohùn tó jọ ọ́. Ohùn yẹn gan-an, tó há, tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun! Faríídà sá wọ abẹ́ tábìlì. Mo rọra ká kọ́tìnnì fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo yọjú.

Mo rí agboòrùn dúdú. Mo rí ojú tí mo máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ga, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì pọn nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ara mi bu máṣọ.   Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ dí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátù Kúrísíyù. Mo kà á dé àárín, mo gbàgbé ibi tí mo dé, mo tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé kéú!

"Afia! Afia! Mepa wo kyɛw, bue pon no!"

Ó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣílẹ̀kùn. Ó mọ orúkọ mi! Mo ní ó tán. Ó wá sọ pé bàbá mi ló wà lẹ́yìn òun, ara rẹ̀ ò yá, kí n ṣe kíá. Ohun tó máa ń sọ nínú fíìmù náà nìyẹn! Mo mú etí mi, mo dì í.

Ó tún sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. Ó ní, "Sister, I beg you, ɔrewu oo!" Ó ń kú lọ, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì yí padà. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ti di etí mi pa, ó ti di ojú mi pẹ̀lú. Jàlàbíyà bàbá mi ni mo ń wò, aṣọ inú fíìmù ni mo ń rí.

Ni ohùn kejì bá jáde. Ohùn bàbá mi. Ó fẹ́lẹ́, ó ń gbọ̀n. Ó ní, "Sàlámátù..."

Mo sunkún, àmọ́ mi ò dìde. Mo sọ fún ara mi pé ó ti gbé ohùn bàbá mi wọ̀. Faríídà ń wò mí láti abẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí mo ṣe kọ́ ọ.

 Lẹ́yìn náà ni ohùn kejì yẹn tún wá, díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

"Àjíkẹ́... Àjíkẹ́ mi... àgò o."

Ẹ dúró kí n sọ èyí yé yín. Afia, gbogbo Kumasi ló mọ̀ ọ́n. Sàlámátù, ó wà nínú káàdì mi. Àmọ́ Àjíkẹ́ ni oríkì tí ìyá bàbá mi fún mi nígbà tí wọ́n bí mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnìkan ṣoṣo láyé yìí ló ń fi pè mí. Ọkọ mi pàápàá, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Techiman, kò fi pè mí rí. Òṣìkà inú fíìmù mọ orúkọ ọjọ́ gbogbo èèyàn, àmọ́ ta ni ó máa sọ oríkì fún un? Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń kì èèyàn nínú Twi báyẹn?

N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ké pé, "Àgò yà o, Bàbá mi! Àgò yà!" Mo ti ẹ̀rọ ìránṣọ dà nù, mo ṣílẹ̀kùn.

Bàbá mi ló wà lẹ́yìn ọkùnrin náà lóòótọ́! Ojú rẹ̀ ti yí, òógùn tútù bò ó, ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Agboòrùn yẹn, orí bàbá mi ni ọkùnrin náà gbé e sí, òun fúnra rẹ̀ ti rin gbingbin.  Ó ní kí n wá ṣúgà kíá, òun ti bi í léèrè lọ́nà, ó sì ní àtọ̀gbẹ ń ṣe òun, òun ò tíì jẹun. A po ṣúgà mọ́ omi, a rọra ń fún un díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e mì. Alihamudulilahi!

Mo sáré jáde lọ dá takisí dúró, kí a gbé e lọ sọ́sípítù. Takisí dúró, àmọ́ nígbà tí dírẹ́bà rí ẹni tó ń gbé bàbá mi bọ̀, ó ké "Ei, Awurade!", ìyẹn "Olúwa o!", ó sì fẹ́ wa ọkọ̀ sá lọ! Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó kàn sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kí n wá aṣọ kan fún òun. Mo bọ́ ìborí mi fún un, ó fi bo ojú rẹ̀ bí obìnrin eléèhá, ó sì wọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọsípítù. Ẹ̀rín ìbá pa mí bí kì í bá ṣe pé mò ń sunkún.

Dókítà tọ́jú bàbá mi, ó sì sọ fún mi pé bí a bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Díẹ̀ sí i! Mo wo ọwọ́ mi tí mo fi di etí. Ẹ gbà mí! Ẹ̀rù tó bà mí níwájú dókítà yẹn ju ti ẹnu ọ̀nà lọ.

Níta, lórí bẹ́ǹṣì, ni mo bá ọkùnrin náà. Ìdí tó fi jókòó síta ni pé àwọn èèyàn ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó ní Kwabena ni orúkọ òun. Ó ní iṣẹ́ òun gan-an ni àtúnṣe fíríìjì, ṣọ́ọ̀bù òun ò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun ṣeré, nítorí pé àwọn tó ń ya fíìmù gbọ́ ohùn òun níbi tí òun ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ikọ́ àìsàn ìgbà èwe ló ba ohùn òun jẹ́. Ẹ wá sọ fún mi, bí èèyàn bá ń tún fíríìjì ṣe, ṣé kò ní wọ ilé onílé ni? Ó ní láti ìgbà tí fíìmù yẹn ti jáde, bí òun bá sọ agoo, gbogbo ilé á dákẹ́. Ìyá ìyàwó òun pàápàá máa ń ti inú yàrá wí pé òun ò sí nílé!

Ó rí bàbá mi tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó dá takisí dúró, takisí sá. Ó bẹ àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Trotro kan rọra dúró, mate yọjú, ó kígbe, gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé fóònù jáde. Nígbà tí kò rí olùrànlọ́wọ́, ó pọ̀n ọ́n, ó ń béèrè ilé Afia onísọ̀ ìránṣọ tí bàbá mi dárúkọ fún un títí tó fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù mi dún. Maame Serwaa ló fi fídíò kan ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú àwọn ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣí i. Òjò, agboòrùn dúdú, ọkùnrin gíga tó ń pọn ènìyàn. Ohùn ọmọkùnrin kan ń sọ níbẹ̀ pé, "Chale, Wofa Agoo catch somebody oo!" Ẹ̀rín pọ̀. Ní ẹ̀yìn ọkùnrin náà, mo rí ẹsẹ̀ kan tó ń mì, ó wọ sálúbàtà aláwọ̀ búráùn tí mo rà fún bàbá mi fún ọdún Iléyá.

Ẹ̀yin èèyàn, ìlú tó ń wo bàbá mi tó ń kú lọ, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mi ò lè bá wọn jà. Kí ni èmi tí mo ti ilẹ̀kùn fẹ́ sọ?

Bàbá mi ti padà sílé, ó ń jẹun, ó sì ń bá mi jà lórí oúnjẹ bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, géètì wa dún.

"Agoo."

Ẹ má ṣe bi mí bóyá ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Ó bà mí! Faríídà náà ti wà lábẹ́ tábìlì. Mo mọ ẹni tó jẹ́, mo mọ oore tó ṣe mí, síbẹ̀ ojú mi ti lọ sí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Mo wo bàbá mi lórí ẹní rẹ̀. Mo rò pé yóò dáhùn. Ó ń wò mí, kò la ẹnu. Ó fi í sílẹ̀ fún mi.

 Mo ní, "Amee!"

Kò wọlé. Mo yọjú wò ó, mo rí i tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó tẹ orí ba. Ó bẹ̀ mí pé kí n dákun, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Bàbá mi náà ké láti ẹ̀yìn mi pé "Àgò yà!", ohùn kékeré kan sì jáde láti abẹ́ tábìlì pé "Amee!" Ìgbà yẹn ló tó wọlé. Ó tún fíríìjì wa ṣe, òun àti bàbá mi sì jọ jẹun láti inú abọ́ kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Òṣèré tó mọṣẹ́ lè mú kí a bẹ̀rù ohun tí kò sí. Ìyẹn ò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ nígbà tí a bá ti pa tẹlifíṣọ̀n, ta ni ó kù tó ń bá wa ti ilẹ̀kùn? Àwa fúnra wa ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gba bàbá mi sí ìlú yìí, èmi ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti sọ ọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á síta.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Òṣìkà inú fíìmù wo ló bà yín lẹ́rù débi tí ẹ fi yí ìwà yín padà? Ṣé ẹ ti pàdé òṣèré kan rí tí ẹ sì sá fún un? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á fún bàbá mi, ó fẹ́ gbọ́. Bí ẹnìkan bá sì sọ àgò lẹ́nu ọ̀nà yín lónìí, ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn. Ó lè jẹ́ pé ẹni yín ló pọ̀n sẹ́yìn.